Ọmọ Ikwerre Tó Kọ́ Mi ní Èdè Bàbá Mi

Borokiri, ní Port Harcourt, ni wọ́n bí mi sí, nítòsí èbúté, níbi tí fèrè ọkọ̀ òkun ti máa ń jí wa kí àkùkọ tó kọ. Aṣọ́bodè ni bàbá mi, ọmọ Ìkìrun ni. Ọmọ Okrika ni ìyá mi. Bàbá mi ò gbọ́ èdè ìyá mi, ìyá mi ò gbọ́ èdè bàbá mi, nítorí náà pijin ni wọ́n fi fẹ́ra, òun ni wọ́n fi tọ́ wa, òun náà ni wọ́n sì fi ń jà. Ìgbà tí Yorùbá máa ń yọ lẹ́nu bàbá mi kò ju méjì lọ: tó bá ń gbàdúrà, àti tí inú bá ń bí i. Nígbà tí mo fi máa dàgbà, mo lè fi Yorùbá bẹ Ọlọ́run, mo lè fi bú èèyàn, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ra iyọ̀.

Kò sì dí mi lọ́wọ́. Mo kàwé, mo di lọ́yà, mo ń lọ sí kọ́ọ̀tù bí àwọn ẹgbẹ́ mi. Orúkọ mi jẹ́ ti Yorùbá látòkèdélẹ̀, àwọn adájọ́ tó jẹ́ Yorùbá a sì máa fi èdè kí mi tí ìjókòó bá parí. Èmi á rẹ́rìn-ín, mà á kúnlẹ̀ díẹ̀, mà á gbé fáìlì mi, mà á sá. Ìgbà tí mo lọ kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin, ní yunifásítì kan níbí ní Port Harcourt, ni ọ̀rọ̀ náà ká mi mọ́ ibi tí kò ti sí ọ̀nà àtisá.

Àwa mẹ́rin la wọlé lọ́dún náà. Olóyè kan wà níbẹ̀ láti Elelenwo, ọmọ Ikwerre, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì. Fìlà dúdú róbótó kì í kúrò lórí rẹ̀, ọ̀pá ìtìlẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ju gbogbo àwọn olùkọ́ wa lọ lọ́jọ́ orí. Ó ní ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé àwọn ti pẹ́ ní kọ́ọ̀tù débi pé lọ́yà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kú, ọmọ lọ́yà náà ló ń bá a lọ, òun fẹ́ fúnra òun mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ẹnì kejì jẹ́ sísítà ìjọ Àgùdà, ọmọ Igbo. Tó bá ń bá ẹ jiyàn, ohùn rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ ni. Tó bá fi di pé o ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, mọ̀ pé o ti pàdánù. Ẹnì kẹta ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Bida, tí gbogbo wa ń pè ní Màláàmù. Ọmọ Tápà ni, díákónì sì ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ṣùgbọ́n ní Port Harcourt, ẹnikẹ́ni tó bá ti Òkè Ọya wá, Màláàmù ni. Ó kọ́kọ́ ń ṣàlàyé. Nígbà tó yá, ó ń dáhùn. Èmi ni mo ṣìkẹrin, obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, tó ń ṣèwádìí lórí òfin ọkọ̀ ojú omi: àwọn ọkọ̀ tó ń kó èrò láti etí omi lọ sí Bonny àti sáwọn ìlú inú omi yòókù, ta ló yẹ ká pè lẹ́jọ́ tí wọ́n bá rì.

Yàrá kan tí fáànù rẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta la ti ń kàwé. Tí a bá parí, a ó jọ lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tó ń sun bọ̀ọ̀lì pẹ̀lú ẹja, a ó sì máa bá iyàn wa lọ níbẹ̀ pẹ̀lú epo lẹ́nu. Pijin la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè èdè.

Àfi ọjọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n pè wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ni olórí ẹ̀ka wa, obìnrin Ibibio kan tí kò ga, ṣùgbọ́n tó bá wọlé, àga pàápàá fẹ́ dìde. Ó ní àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ láti Abuja, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n jẹ́ ká máa fúnni lóyè ọ̀mọ̀wé lọ. Àwọn kan ti lọ sọ fún wọn pé ọmọ ìlú nìkan la ń gbà.

“A ó fi hàn wọ́n,” ló wí, “pé gbogbo Nàìjíríà ló wà ní kíláàsì yìí.”

A wo ara wa. Àwa mẹ́rin náà ni gbogbo Nàìjíríà.

Ètò rẹ̀ rọrùn. Kálukú á wọ aṣọ ìbílẹ̀ rẹ̀, á fi páálí kọ́rùn tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ sí, á fi èdè rẹ̀ kí àwọn àlejò, á sì fi sọ ohun tó ń ṣèwádìí lé lórí ní ṣókí kó tó wá sọ ọ́ lédè òyìnbó. Ó nawọ́ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan: Olóyè ni Rivers, Sísítà ni Ìlà Oòrùn, Màláàmù ni Hausa.

Màláàmù nawọ́ sókè. “Mà, ọmọ Tápà ni mí. Mi ò gbọ́ Hausa dáadáa.”

“Ìwọ nìkan la rí,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n dá a lóhùn. “Ìwọ ni Àríwá. Sọ Tápà, ṣùgbọ́n wọ babaríga.”

Sísítà ní ní tòun, aṣọ ìbílẹ̀ òun lòun wọ̀ yẹn, funfun náà sì ni òun ó wọ̀ wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ jiyàn, ohùn Sísítà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì yára kọjú sí mi.

“Ìwọ ni Yorùbá.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Kí ni mo fẹ́ sọ? Orúkọ mi wà níwájú rẹ̀.

Mgbuoba, lórí ilẹ̀ àwọn Ikwerre, ni bàbá mi kọ́lé sí lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Mo wa mọ́tò lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, mo ní kó kọ́ mi ní Yorùbá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pa tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ìròyìn ń lọ lọ́wọ́.

“Sọ pé ọkọ̀.”

“Ọkọ́.”

“Ọkọ̀!”

“Ọkọ́.”

“Mo ní ọkọ̀, o ní ọkọ́! Ṣé o fẹ́ lọ roko lójú omi ni?”

Ìyá mi ké láti ilé ìdáná: “Leave my pikin o! When time dey to teach am, where you dey?”

Ni inú bá bí bàbá mi. Bí inú sì ti bí i, Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rẹ̀ wìtìwìtì, nípa orí mi, nípa etí mi, nípa àwọn ará Borokiri lápapọ̀. Gbogbo èyí ni mo gbọ́ yékéyéké. Mo dìde, mo kí i pé ó dàárọ̀, mo padà sílé mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó lórí bẹ́ńṣì ní ibi tí wọ́n ti ń ta bọ̀ọ̀lì, mo ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí ní jẹ́ẹ́jẹ́: “Mò ń ṣe ìwádìí lórí òfin tó de àwọn ọkọ ojú omi. Mò ń ṣe ìwádìí lórí òfin tó de àwọn ọkọ ojú omi.”

Ẹja há ẹnì kan lọ́fun lẹ́yìn mi. Ó wúkọ́, wọ́n lù ú lẹ́yìn, ó sì wí pé:

“Yéè! Ọmọ mi, ọkọ ojú omi kẹ̀? Sé àwọn ti orí ilẹ̀ ti tán ni?”

Mo bojú wẹ̀yìn, mo ń wá Yorùbá tó dé. Olóyè nìkan ló jókòó níbẹ̀, fìlà dúdú lórí, epo ní àgbọ̀n.

“Chief! You dey hear Yoruba?”

“Gbígbọ́ kẹ̀? N'Ìbàdàn ni mo ti se ọlọ́pàá títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.” Báyìí ló ń sọ ọ́, pẹ̀lú “se” àti “sé” àwọn ará Ìbàdàn, tó mú kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dún bí ẹni pé inú agboolé kan ní Bẹẹrẹ ni wọ́n bí i sí.

Ó sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òun lọ síbẹ̀, ìyá arúgbó kan ló gba òun sílé. Ìyá yìí kò gbọ́ pijin, kò gbọ́ òyìnbó, kò sì ṣe tán láti gbọ́. Ẹni tí kò bá kí i dáadáa láàárọ̀ kò ní fa omi nínú kànga rẹ̀. Báyìí ni ọmọ Ikwerre yìí, nínú yunifọ́ọ̀mù ọlọ́pàá, pẹ̀lú kóńdó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣe ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójoojúmọ́ nítorí garawa omi. Tó bá sì ṣi ìkíni pè, ìyá á ní kó dìde, kó tún un ṣe.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ mi. Ó gbà, ó ní kí n máa ra bọ̀ọ̀lì. Bẹ́ńṣì yẹn di kíláàsì wa. Olùkọ́ gidi ni, kì í bínú.

“Gbọ́ mi,” ló ní. “Ọkọ̀: ohùn ẹ á re ilẹ̀, torí ọkọ̀ a máa rì. Ọkọ́: ohùn ẹ á gòkè, bíi ká gbé ọkọ́ sókè ká fi roko. Ọkọ: ohùn ẹ ò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀, ó kàn wà níbẹ̀ pẹrẹsẹ, bí ọkùnrin tó jẹun tán tó nà sórí àga. Sé o ti rí i?”

Mo ti rí i. Obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì, tí kì í ṣe Yorùbá, náà ti rí i. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, òun náà ń pariwo “ọkọ̀, ọkọ́, ọkọ” sí àwọn oníbàárà.

Ọjọ́ àlejò pé. Màláàmù wọ babaríga tó yá lọ́wọ́ ẹni tó ń ta súyà ní òpópónà ilé rẹ̀. Aṣọ náà gùn, òórùn ata sì ń bá a rìn. Sísítà wọ funfun rẹ̀. Olóyè wọ aṣọ gígùn oníbọ́tìnnì wúrà pẹ̀lú fìlà àti ọ̀pá. Èmi ró ìró, mo wọ bùbá, ìyá mi sì bá mi wé gèlè bí àwọn ará Okrika ṣe ń wé tiwọn, ó le bí ìkòkò. Páálí kọ̀ọ̀kan wà lọ́rùn wa.

Àwọn àlejò jẹ́ mẹ́ta. Olórí wọn, bàbá kan tó ti dàgbà, dé fìlà Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìgúnpá rọra gún mi: “Your person don come!”

Màláàmù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ Tápà, ó dùn, ó gùn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún wa pé òun kàn ń ka bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹja nílé àwọn ni, torí ebi ń pa òun. Sísítà bọ́ síwájú, ó dijú, ó fi Igbo gbàdúrà. Obìnrin tó wà láàárín àwọn àlejò rò pé ó ti parí, ó ṣe àmín. Sísítà ń bá a lọ. Ó tún ṣe àmín. Nígbà tí Sísítà parí lóòótọ́, kò sẹ́ni tó láyà láti ṣe àmín mọ́. Olóyè sọ Ikwerre ní ṣókí bí ọlọ́pàá tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, ó sì jókòó.

Ó kàn mí.

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì,” ni mo wí. Bàbá olórí rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní, “Mò ń ṣe ìwádìí lórí òfin tó de àwọn...” ni mo bá rántí ẹ̀kọ́ Olóyè. Èwo ló ń rì? Èwo ló nà sórí àga? Nínú ọpọlọ mi, mo rí ọkùnrin kan tó nà sórí àga, àga náà sì ń rì.

“...àwọn ọkọ ojú omi,” ni mo wí. “Pàápàá àwọn ọkọ tó máa ń kó èrò jù. Ọkọ tí kò bá ní ìwé àṣẹ, ó yẹ kí ìjọba gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Tí ọkọ bá sì ti gbó, kò yẹ kí obìnrin wọ̀ ọ́ mọ́.”

Bàbá olórí yọ awò ojú rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga. “Ẹ ní kí ni?”

Mo mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tó ti bàjẹ́. Gbogbo ohun tí Olóyè kọ́ mi fò lọ. Mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun tí bàbá náà fẹ́ mọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá lọ dúró níwájú bàbá mi nígbà tó ń ka ìwé ìròyìn, ohun kan ló máa ń bi mí, lẹ́yìn náà ni mà á sọ pé mo fẹ́ owó bisikíìtì. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, mo rò pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni “kí lo fẹ́?” Mo tẹ̀ síwájú bí bàbá náà ṣe tẹ̀ síwájú, mo wò ó lójú, mo ní:

“Kí ló ń dùn ẹ́?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí kò gbọ́ ẹyọ kan, rò pé mo ti parí. Ó pàtẹ́wọ́ kíkankíkan.

Olóyè ló gbà mí. Ó dìde, ó bọ́ fìlà, ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú gbogbo wúrà ara aṣọ rẹ̀.

“Ẹ má bínú, bàbá. Ọkọ̀ ló fẹ́ pè, ọkọ̀ tó ń rìn lórí omi. Borokiri ni wọ́n ti tọ́ ọmọ yìí, èdè ò tètè débẹ̀. ‘Kí lẹ fẹ́ mọ̀’ ló fẹ́ sọ, ẹnu ló sì í gbé. Ẹ sàánú wa.”

Bàbá náà wò ó nílẹ̀. “Ẹ dìde, ẹ dìde. Agboolé wo lẹ ti wá n'Ìbàdàn?”

“Elelenwo ni mo ti wá, sà.”

“Elelenwo ti ibo?”

“Ti ibí yìí náà, sà. Ọmọ Ikwerre ni mí.”

Bàbá náà wo páálí ọrùn Olóyè. Ó wo tèmi. Ó kọjú sí Màláàmù, ó fi Hausa kí i. Màláàmù di babaríga mú, ó wo Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó fi òyìnbó dáhùn pé kí wọ́n jọ̀ọ́, ọmọ Tápà lòun, súyà nìkan ni Hausa tó wà lára òun. Ni bàbá náà bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Àwọn méjì tó kù kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, síbẹ̀ wọ́n bá a rín in. Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó dákẹ́, ó ní kí n wá fi òyìnbó ṣàlàyé iṣẹ́ mi. Ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n sọ. Mo sọ nípa àwọn ọkọ̀ tó ń ṣí láìsí ẹ̀wù ìléfòó tó tó èrò inú wọn, nípa ẹni tó ni ọkọ̀ tó jẹ́ òun náà ló ń wà á, tó sì bá ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀ omi, tí àwọn tó là kò rí ẹni pè lẹ́jọ́. Ó bi mí ní ìbéèrè tó le, mo dáhùn. Ó tún bi mí, mo ní mi ò tíì mọ ìyẹn, ó sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó bi Sísítà náà. Ohùn Sísítà lọ sílẹ̀, ó lọ sílẹ̀, bàbá náà sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé, “Mà, ẹ bá wọn bọ́ páálí yẹn kúrò lọ́rùn. Wọ́n dà bí ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú.”

Wọ́n jẹ́ ká máa bá ẹ̀kọ́ wa lọ. Nígbà tí ẹnì kan wá bá Ọ̀jọ̀gbọ́n túmọ̀ ohun tí mo wí, ó ti ara rẹ̀ mọ́ ọ́fíìsì, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìta.

Bàbá mi ní òun fẹ́ rí ọmọ Ikwerre tó ń sọ Yorùbá yìí, òun ò gbà á gbọ́. Mo mú Olóyè lọ sí Mgbuoba lọ́jọ́ Àìkú kan. Bí wọ́n ṣe kíra tán, bàbá mi gbàgbé ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti rí ẹni bá sọ Yorùbá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ fún un.

“Mo gbé òkúta àkọ́kọ́ kalẹ̀, wọ́n wá gba ọtí. Mo kan òrùlé, wọ́n wá gba ọtí. Mo ṣe géètì, wọ́n tún dé! Ṣé géètì náà ń mutí ni? Àwọn Ikwerre yìí, ẹ jọ̀ọ́!”

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n Olóyè ń mi orí pẹ̀lú ìbànújẹ́.

“Wọ́n ò seun,” ló ní. “Ti géètì yẹn burú. Ní ọ̀dọ̀ tiwa l'Elelenwo, a kì í gba ti géètì. Ti ògiri là ń gbà.”

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín papọ̀, bàbá mi sì dìde fúnra rẹ̀ lọ gbé ọtí wá. Ìyá mi fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan: “Wetin dem dey talk?” Mo sọ ọ́ fún un ní pijin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo túmọ̀ bàbá mi fún ìyá mi.

Sísítà ló kọ́kọ́ gboyè nínú wa. Màláàmù tẹ̀lé e, ó sì padà sí Bida, níbi tí wọ́n ti wá ń pè é ní ọmọ Port Harcourt. Èmi gba tèmi, wọ́n sì gbà mí síṣẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka náà. Olóyè ló gbẹ̀yìn. Yorùbá mi ti wá dára tó láti fi kọ èyí, àmọ́ tí mo bá dé Ìkìrun, àwọn ìbátan bàbá mi á máa béèrè ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìbàdàn.

Ẹ̀kọ́ kíkọ́ ò tíì sú Olóyè. Ó ti ń lọ sọ́dọ̀ ìyá mi báyìí láti kọ́ èdè Okrika. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí àwọn ẹlẹ́ja máa ń bára wọn sọ tí òun bá ti dé ìsọ̀ wọn. Ní Sátidé tó kọjá, ìyá mi mú un lọ sí ọjà etí omi ní Borokiri, ó ní kó kí ẹlẹ́ja kan. Olóyè bọ́ fìlà, ó kí i. Obìnrin náà wò ó títí, ó wo ìyá mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì fún Olóyè ní ẹja ńlá kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá mi ò tíì sọ ohun tí Olóyè wí gan-an fún un. Ó ní kó kọ́kọ́ jẹ ẹja náà tán.